Ikọ́ Ọmọ ní Ilé Onítùràrí

Ẹni tó bá ń wá ilé Saluma ní ìlú Bahla kò nílò kó bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà gba ọ̀nà tó lọ síbi odi àtijọ́, kó yà sí ọwọ́ òsì níbi tí àwọn amọ̀kòkò ti ń sá ìkòkò wọn sóòrùn, kó wá jẹ́ kí imú rẹ̀ máa ṣíwájú. Òórùn tùràrí yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wa àti ilé rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ ni òórùn náà ti wọ aṣọ mi, ó wọ irun mi, ó wọ oúnjẹ mi pẹ̀lú. Bí mo bá lọ kí àwọn ẹbí mi ní Nizwa, wọn kì í wulẹ̀ gbójú sókè kí wọ́n tó mọ̀ pé Zayana ló wọlé.

Iṣẹ́ tùràrí ni Saluma ń ṣe. Kì í ṣe oje igi lásán tí gbogbo wa ń rà lọ́jà tí a ń jó lórí èédú. Ìyẹn náà wà nílé rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó sọ ọ́ dẹni ńlá ni èyí tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ pò. Yóò gún igi olóòórùn kúnná, yóò se ṣúgà mọ́ omi òdòdó rósì títí tí yóò fi máa fà, yóò da òróró kan sí i tí kò sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, yóò sì máa rò ó títí tí apá rẹ̀ yóò fi máa dùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò bù ú ní kékeré kékeré, tí yóò tẹ́ ẹ sínú òjìji kó gbẹ. Kò sí ìyàwó tí wọ́n gbé ní àdúgbò wa tí kò ra ti Saluma. Bó bá ti ń dì í fún ọmọge náà ni yóò máa yọ ọ́ lẹ́nu pé kó má jó gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan o, nítorí ọkọ náà ní láti mí.

Ẹni tó bá mọ gbogbo nǹkan máa ń bí mi nínú. Saluma sì mọ gbogbo nǹkan. Ó mọ bó ṣe yẹ kí n yan ẹja, ó mọ ìdí tí ọkọ mi fi ń hanrun, ó mọ irú aṣọ tí kò yẹ mí. Bó bá sọ ọ́ tán, yóò gbé àwo halwa, ohun dídùn tí a fi ń ṣàlejò, fún mi, yóò jókòó tì mí, a ó sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má parọ́. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Rayya, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣì ń dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, èéfín yìí ló sì fi tọ́ ọmọ náà dàgbà, òun ló fi rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Muscat. Rayya di olùkọ́ ìṣirò níbẹ̀, ó sì fẹ́ Yaqub, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté.

Rayya pẹ́ kó tó lóyún. Ẹnu ayé kì í sinmi, wọ́n sọ èyí tí wọ́n lè sọ. Saluma kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri bó bá kírun tán, orúkọ Rayya nìkan ló ń pè nínú àdúrà. Ọlọ́run dá a lóhùn, Rayya bí ọmọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Azzan. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé láti Muscat, Saluma jó ní àgbàlá láìsí orin, orúnkún tó máa ń dùn ún kò sì dùn ún lọ́jọ́ náà.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin tó bá bímọ, ilé ìyá rẹ̀ ló ń wá jókòó sí fún ogójì ọjọ́, ọkọ á sì máa wá wò ó bí àlejò. Ìkókó kò ní í wọ ilé kí iná tùràrí máà jó níbẹ̀ títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Wọ́n ní ó ń lé ojú burúkú, ó ń mú òórùn ẹ̀jẹ̀ kúrò, ó sì ń sọ fún àdúgbò pé ayọ̀ wọlé. Èmi náà ṣe é fún àwọn ọmọ tèmi. Ṣùgbọ́n ní ilé àwa yòókù, abọ́ amọ̀ kan ni, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó parí. Ní ilé Saluma, ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan nínú yàrá àlejò, ọ̀kan sì wà lábẹ́ ibùsùn ọmọ gan-an, gbogbo wọn ń rú láti ìdájí. Ó ní ọmọ ọmọ onítùràrí ni Azzan, ẹnì kan kò ní í wọlé kó jáde kó sọ pé òun ṣahun.

Àwọn obìnrin ń wá kí wọn láràárọ̀, wọ́n ń gbé èso wá, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń jẹ dàbínù, wọ́n ń gba ọmọ náà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Lára wọn ni Azza, ẹ̀gbọ́n obìnrin sí olóògbé ọkọ Saluma. Àgbàlagbà ni, ẹnu rẹ̀ mú, gbogbo ilé ló ń dìde fún un. Ọjọ́ tó wá, ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú, etí gèlè rẹ̀ ló fi ń nu imú. Ó gba Azzan, ó fẹnu kò ó ní iwájú orí, ní imú, ní ẹnu, ó ní ọmọ náà fi imú jọ bàbá ìyá rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó gbé ẹnu kúrò? Gbogbo wa la wò ó, gbogbo wa la rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Azzan bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Saluma ní kò sí nǹkan tó ṣe é, pé ọmọ titun a máa sín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń nu ilé imú wọn. Òótọ́ ló sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ikọ́ tẹ̀ lé e. Ikọ́ kékeré gbígbẹ, bíi ti ọmọ ológbò. Saluma gbọ́ ọ, ó fi ọwọ́ kan àyà ọmọ, ó sì lọ bu tùràrí mìíràn sórí èédú. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń sọ fún èèyàn pé tùràrí ń tú àyà. Àgbàlagbà tí àyà rẹ̀ wúwo a máa wá jókòó tì í, a sì lọ sílé pẹ̀lú ọpẹ́. Nítorí náà, bí ọmọ bá wúkọ́, èéfín. Bí èéfín bá bo yàrá, ọmọ á tún wúkọ́. Bó bá tún wúkọ́, Saluma á tún bu tùràrí.

Àgbàlá tí mo ń sá aṣọ sí kọjú sí fèrèsé yàrá Rayya. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wo ogun tí kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Rayya á ṣí fèrèsé. Kò ní í pẹ́, ọwọ́ Saluma á yọ, á tì í, á ní afẹ́fẹ́ òtútù ni yóò ba ọmọ jẹ́. Bó bá lọ sí ìdí ìkòkò rẹ̀, Rayya á tún ṣí i. Ìyá àti ọmọ kò bú ara wọn, wọn kò fajú ro. Wọ́n kàn ń ṣí i, wọ́n ń tì í.

Obìnrin kan gbé ìgò oyin wá láti orí òkè, ojúlówó oyin tó dúdú, ó ní kí wọ́n tọ́ ọ sí ọmọ náà lẹ́nu, ikọ́ yóò lọ. Saluma ti na ìka sínú rẹ̀ kí Rayya tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí òun kìlọ̀ gidigidi pé oyin kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ títí yóò fi pé ọdún kan, pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ìfun ìkókó kò lè bá jà, tó sì lè pa á. Ó dun Saluma. Ó bèèrè bóyá nọ́ọ̀sì náà kò mọ̀ pé oyin wà nínú ìwé Ọlọ́run. Síbẹ̀ Rayya kò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Lórí oyin, ó lè sọ̀rọ̀. Lórí èéfín, ahọ́n rẹ̀ kò yí.

Mo bi í nígbà tó jáde wá sá ìlédìí ọmọ. Ojú rẹ̀ ti wọnú nítorí àìsùn.

Mo ní, “Rayya, ìwọ náà rí i. Bí èéfín bá ti pọ̀ ni ikọ́ yẹn ń le. Kí ló dé tí o ò sọ fún un?”

“Kí n sọ kí ni, Àǹtí Zayana? Kí n ní èéfín tó bọ́ mi, tó rán mi níwèé, òun ló ń dà mí lọ́mọ láàmú?” Ó fa ìlédìí náà gùn lórí okùn. “Àti pé bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣì í ńkọ́? Bí mo bá ní kó pa iná, tí nǹkan bá wá ṣe ọmọ yìí, ojú wo ni màá fi wò ó?”

Mo ní kò burú, èmi yóò sọ ọ́. Mo se omi ọbẹ̀ adìẹ fún ìyá ọmọ, mo gbé e wọlé, mo fara balẹ̀, mo sì bi Saluma bóyá kò rò pé èéfín náà ti pọ̀ jù fún àyà kékeré. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, “Zayana, ìgbà wo lo di dókítà? Ṣé ọjọ́ tí o jó ẹja dúdú tí ọkọ rẹ lọ jẹun nílé ìyá rẹ̀ ni?”

Àwọn obìnrin tó jókòó níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gbé abọ́ mi, mo padà sílé mi, inú ń bí mi bí iná.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ kan ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Mo ń gbá àgbàlá nígbà tí mo gbọ́ tí Rayya ń pe ọmọ náà lórúkọ léraléra, ohùn rẹ̀ ń gòkè. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, èéfín nínú yàrá náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wá ibùsùn pẹ̀lú ọwọ́. Azzan kò mu ọmú láti ọ̀sán. Wọ́n fi ọmú sí i lẹ́nu, ó fà á díẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, nítorí imú rẹ̀ dí, kò sì lè mu ọmú kó tún mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mímí rẹ̀ yá jù. Aṣọ rẹ̀ ṣí, mo sì rí i pé ní gbogbo ìgbà tó bá fa èémí, awọ abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ náà ń jìn. Àyíká ètè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ó fẹ́ wúkọ́, agbára kò sí.

Saluma wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí abọ́ amọ̀, ó ń fẹ́ èédú kó lè pọ́n sí i. Ó ń sọ fún mi pé kí n bá òun mú èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà wá, kí n ṣe kíá.

Rayya gbé ọmọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá, ó jáde sí àgbàlá. Níbẹ̀, nínú afẹ́fẹ́, ló ti sọ ọ́.

“Màmá, ẹ fi iná yẹn sílẹ̀. Èéfín yín ń pa á.”

Kò pariwo. Bó bá jẹ́ pé ó pariwo ni, ì bá sàn. Saluma dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀mú èédú lọ́wọ́, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Èmi ti lọ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Nígbà tí mo fi yí ọkọ̀ padà, Rayya ti wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ, Saluma sì ti wọlé sí ẹ̀gbẹ́ mi láìwọ bàtà. Mo wa ọkọ̀ náà tààrà lọ sí ilé ìwòsàn. Etí gbogbo wa wà lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí mímí náà ti ń wá.

Wọn kò jẹ́ kí a jókòó. Nọ́ọ̀sì kan wo àyà ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbà á lọ́wọ́ Rayya. Wọ́n fa ikun kúrò ní imú rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà tín-ínrín kan gbé afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n so nǹkan kan tó ń tàn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, dúdú náà kúrò ní ètè rẹ̀. Èmi tí mo bí ọmọ márùn-ún, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, mo sunkún.

Dókítà tó wá bá wa jẹ́ ọmọbìnrin kan láti Sur, Buthayna lorúkọ rẹ̀, bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fi mọ ìlú rẹ̀. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní ọ̀fìnkìn lásán ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, irú èyí tí àgbàlagbà ń fi ọwọ́ nù tí yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n imú ni ìkókó fi ń mí, kò tíì mọ bí a ṣe ń fi ẹnu mí dáadáa, ọ̀nà èémí rẹ̀ kò sì tóbi ju igi ìgbálẹ̀ lọ. Bí ikun bá dé ibẹ̀, tí ibẹ̀ sì wú, kí ló kù? Ó ní ikọ́ gan-an kọ́ ni ọ̀tá, ikọ́ ni ọmọ fi ń lé ohun tó dí i lọ́nà. Ọmọ tó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó ń mu ọmú, tó ń sùn, tí mímí rẹ̀ ń lọ geere, kò dẹ́rù bani. Èyí tó bá ń wúkọ́ ṣáá láìtíì pé oṣù mẹ́ta, kí wọ́n gbé e wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí ìhà bá ń wọnú, bó bá ń mí kíákíá, bí kò bá mu ọmú, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí ètè bá dúdú, kí ẹnikẹ́ni má dúró fi ohunkóhun dán an wò nílé. Ó ní kí wọ́n má ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní oògùn ikọ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà rárá.

Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá ẹnì kan ń mu sìgá nílé, tàbí bóyá ohun kan wà tó ń rú èéfín nítòsí ọmọ.

Ìbéèrè lásán ni. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi òórùn wa kún yàrá náà láti ìgbà tí a ti wọlé. Síbẹ̀ ó dúró kí a dáhùn. Rayya gbé ojú lé ọmọ rẹ̀, kò wo apá ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Mo mọ̀ pé kò tún ní í sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ti ná an ní gbogbo ohun tó ní. Èmi náà ń wo ilẹ̀.

Saluma ló dáhùn. “Kò sí ẹni tó ń mu sìgá. Èmi ni mò ń rú èéfín.”

“Tùràrí ni, Màmá?”

“Tùràrí ni. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ gan-an ni mo gbé e sí.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. “Iná náà kò gbọdọ̀ kú. Mo jẹ́ kó kú nígbà kan.”

Dókítà fa àga, ó jókòó níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí ní gbogbo ìgbà tí a ti jọ ń gbé, Rayya pàápàá kò sì gbọ́ ọ rí. Saluma bí ọmọkùnrin kan ṣáájú Rayya, Khalfan lorúkọ rẹ̀. Ìgbà òtútù ni, wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ní kí ó máa tọ́jú iná tùràrí nítorí ọmọ náà ń wúkọ́. Ó tọ́jú rẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Nígbà tó jí, eérú ló kù nínú abọ́, ọmọ náà sì ti tutù. Wọ́n ní iná tó kú ló fà á. Kò bá wọn jiyàn, nítorí òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú ló lọ kọ́ iṣẹ́ tùràrí.

Dókítà Buthayna di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. “Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kò sí ọmọ tó ń kú nítorí pé iná tùràrí kú.”

“Kò sí?”

“Kò sí, Màmá. Oorun tí ẹ sùn kọ́ ló pa á.”

Saluma kò sunkún. Ó jókòó, ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ kò sì tíì mọ̀. Ìbéèrè kan wà lábẹ́ ìyẹn, gbogbo wa tó wà nínú yàrá náà la mọ̀ ọ́n: yàrá tí wọ́n tì pa, ọmọ tó ń wúkọ́, àti èéfín iná tó tọ́jú títí oorun fi gbé e lọ. Ó ya ẹnu bí ẹni fẹ́ bèèrè rẹ̀. Kò bèèrè, dókítà náà kò sì sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì lọ́kàn mi. Rayya dìde, ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì gbé orí lé e ní èjìká.

Azzan sinmi nílé ìwòsàn títí ó fi ń mu ọmú dáadáa láìsí rọ́bà nímú. Kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀, nọ́ọ̀sì kọ́ Rayya bí yóò ṣe máa kán omi iyọ̀ tí wọ́n pò nílé ìwòsàn sí i nímú, ẹyọ kan lápá kan, kó tó fún un lọ́mú, bí yóò ṣe máa fún un ní díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, àti bí yóò ṣe gbé e nàró mọ́ àyà bí ikọ́ bá mú un. Ó ní ikọ́ náà lè ṣe é fún ìgbà díẹ̀ sí i, kí wọ́n má fòyà bó bá ṣáà ti ń mu ọmú, tó sì ń mí bó ṣe yẹ.

Saluma ti ṣáájú wọn dé ilé. Ó ti kó gbogbo abọ́ amọ̀ jáde, ó ti ṣí gbogbo fèrèsé, ó ti yọ aṣọ fèrèsé àti ẹní, ó fọ wọ́n ní odò tó ń gba inú ọgbà wa kọjá. Ìkòkò iṣẹ́ rẹ̀ àti igi olóòórùn rẹ̀, ó ní kí ọkọ mi bá òun kó wọn lọ sí ahéré àárín igi dàbínù, tó jìnnà sí ilé. Àdúgbò gbà á sọ. Wọ́n ní ilé onítùràrí kò rú èéfín, a kò tíì rí irú èyí rí. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ń gbọ́ wọn, ó sì gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ó jókòó, gbogbo àlejò ló ń bi ní ìbéèrè kan náà, pé ṣé imú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń sín, kọfí rẹ̀ ìta ni yóò ti mu ún.

Azza dé, ó ṣì ń wúkọ́ sínú gèlè rẹ̀. Saluma dìde fún un, ó fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà, ó sì fi ara rẹ̀ dí ọ̀nà. Azza bi í bóyá òun ló ń lé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló ń lé, kó padà wá nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, òun yóò pa ewúrẹ́ fún un. Azza bínú lọ, ó ń sọ̀rọ̀ títí dé òpin àdúgbò. Mo ti ń retí kí ẹnì kan sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Azza fún ọdún pípẹ́, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo kíyè sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Azzan dé, Saluma kò gbé e rí. Ó ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí Rayya bá fẹ́ gbé ọmọ náà fún un, iṣẹ́ kan á yọjú. Ó ń wẹ̀ láàárọ̀, ó tún ń wẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń fi ewé àti ọṣẹ fọ irun rẹ̀ títí awọ orí rẹ̀ fi pọ́n.

Mo wọlé bá a nírọ̀lẹ́ kan, ó jókòó lábẹ́ igi ọsàn wẹ́wẹ́ ní àgbàlá pẹ̀lú irun tútù. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó ní, “Zayana, gbóòórùn mi.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbóòórùn ọrùn rẹ̀. Ọṣẹ ni, ewé ni, lábẹ́ ìyẹn sì ni tùràrí, ó wà níbẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Ó yẹ kí n parọ́. Ẹnu mi kò gbà á.

“Ó kù díẹ̀, Ìyá Rayya.”

“Díẹ̀ yẹn, kò ní í lọ,” ló wí. “Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni.”

Rayya ti dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ wa. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí àgbàlá pẹ̀lú ọmọ ní àyà, ó dúró níwájú ìyá rẹ̀. “Màmá, ẹ gbé e.”

“Mò ń run èéfín.”

“Èéfín ni dókítà ní kí a pa. Kò ní kí a pa yín mọ́ ọn.” Kò dúró gba ìdáhùn mọ́, ó tẹ́ ọmọ náà sí i lápá.

Saluma gbà á, ó le bí igi, bí ìgbà tí kò gbé ọmọ rí. Azzan yí ojú sí i láyà, ó sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ ọ̀tún Saluma ti fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó mọ̀, ó ń wá abọ́, ó ń wá ẹ̀mú. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú, lẹ́yìn náà ló mú un padà, ó gbé ọmọ nàró, ó tẹ́ ọwọ́ náà lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbé etí sún mọ́ imú rẹ̀. Àyà kékeré náà ń lọ, ó ń bọ̀, kò sí ibi tó ń wọnú. Mo wo ojú Saluma, mo sì rí i pé òun fúnra rẹ̀ kò mí, ó di èémí tirẹ̀ mú kó lè gbọ́ ti ọmọ náà. Ó pẹ́ kí Saluma tó mí.